Ẹ Wá Wo Nǹkan

Fóònù ló pa iṣẹ́ mi, mo mọ̀.
Láti ìgbà tí aago ti wọ àpò gbogbo ènìyàn,
ta ló tún ń gbé aago ọwọ́ wá sí Agbeni?
Bátìrì méjì láàárọ̀, okùn aago kan lọ́sàn-án,
ìyókù ọjọ́ di tèmi àti apani yẹn:
mo gbé e síwájú, mo ń fi àtàǹpàkò tì í sókè,
mo sì ń rí nǹkan.

"Sàláwà! Ẹ wá wo nǹkan!"
Sàláwà á pa bébà tó ń kà tì, á nu ọwọ́ sí ìró.
Ẹranko kan wà ní Ọsirélíà, ó ki bí àpò gàrí,
ìgbẹ́ rẹ̀ dá igun, ó dọ́gba
bíi ṣúgà inú páálí.
Sàláwà rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú.
"Káfíńtà wo ló ń bá a gbẹ́ ìgbẹ́?"
Fásasí tó ń gé káàdì ìgbéyàwó ò gbójú sókè.
"Irọ́ ni."

Lọ́jọ́ kejì, mo bá ẹja kan pàdé
tó ní apá mẹ́jọ, tó ní ọkàn mẹ́ta.
Àjàdí, ọmọ iṣẹ́ Fásasí, káàánú rẹ̀:
"Ọkàn mẹ́ta! Báwo ló ṣe ń pinnu?
Ọ̀kan ní ká lọ, ọ̀kan ní ká má lọ,
ẹ̀kẹta ní ká kọ́kọ́ jẹun ná."
"Irọ́ ni," ni Fásasí wí. Ẹ̀rọ gé bébà: gẹ̀jà.

Ológbò kan ń kọ́? Ó ń jí sálúbàtà aládùúgbò,
ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan.
Ẹ̀rọ dákẹ́ díẹ̀.
"Ọ̀tún nìkan?"
"Ọ̀tún nìkan."
Ó rò ó. "Irọ́ ni."

Ọjọ́rú, òjò ò jẹ́ kí oníbàárà kankan yọjú.
Mo wọ inú àwòrán ìlú,
èyí tí mọ́tò kan ru kámẹ́rà káàkiri ìgboro yà.
Mo ti Mọ́kọ́lá sọ̀kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀, mo gba Ògùnpa,
ìka ni mo fi rìn, ẹrẹ̀ ò kàn mí,
mo dé Agbeni láìsan kọ́bọ̀.
Mo rí agbòjò Sàláwà. Mo rí òkìtì bébà.
Lábẹ́ páànù, ọkùnrin kan ń sùn.

Wọ́n ti fi kúrukùru bo ojú rẹ̀, òfin wọn ni.
Ṣùgbọ́n ta ni ò mọ fìlà tí eku ti jẹ létí yẹn?
Ta ni ò mọ ẹsẹ̀ yẹn, bàtà kan nílẹ̀,
ìkejì rọ̀ sórí ọmọ ìka bí èso tó fẹ́ já?
Òjìji gbogbo ènìyàn kúrú lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ọ̀sán gangan,
aago ògiri tí mo gbé kọ́ láti fi polówó iṣẹ́
sì wà ní mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Mo yíjú wo ògiri.
Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo fẹ́ da fóònù dé.
Àṣé Àjàdí ti dúró sí ẹ̀yìn ọrùn mi.
"Ẹ wá wo nǹkan!"
Igbe mi gan-an, lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.

Sàláwà sáré dé. Ẹni tó ń ta yíǹkì dé.
Fásasí fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó yá awò olójú kan
tí mo fi ń wo inú aago, ó kì í bọ ojú,
ó tẹ̀ ba fóònù bí ẹni ń wá eyín tó ká.
Ó pẹ́ níbẹ̀.
Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kù nínú àyà rẹ̀
bíi jẹnẹrétọ̀ tí wọn ò tàn láti ọdún tó kọjá,
ó kọ̀, ó kọ́, ó gbiná:
Fásasí di tábìlì mú, omijé ń bọ́ sórí bátìrì mi.
"Èyí," ló ní, "èyí kì í ṣe irọ́."

Mo ti tún aago ògiri ṣe láàárọ̀ òní.
Àwòrán ò gbọ́.
Lójú gbogbo ayé, mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ṣì lù ní Agbeni,
mo ṣì ń sùn,
bàtà ò sì tíì já.